Kókó Ọrùn Tí Kò Lọ: Ohun tí Àwòrán MRI Lè Sọ fún Wa àti Ohun tí Kò Lè Sọ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọjọ́ Àìkú)

  

Wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Bí mo ti dárúkọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹnu ya àwọn kan nínú yín: kí ni ó kan lẹ́mọ́mù kan ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara? Ó kàn mí, nítorí pé èmi náà jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú jámáà wa, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní abúlé mẹkáníìkì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó mú ọwọ́ mi lé ọrùn rẹ̀, ó ní, "Alfa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ kan nǹkan yìí." Kókó kan ni, ó tó ẹyin ẹyẹlé, ó le bí rọ́bà, kò sì dun ọmọ náà rárá. Mo ṣe àdúà sí i. Mo sọ fún un pé ibà ni, kí ó ra oògùn, kí ó sì sinmi. Àìdùn rẹ̀ ni ó tàn mí jẹ. Mo rò pé ohun tí kò bá dunni kò lè pani.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Wọ́n wo ọrùn rẹ̀, wọ́n ní ikọ́ ife tí ó wọ kókó ọrùn ni, wọ́n sì gbé oògùn ikọ́ ife lé e lọ́wọ́ láìṣe àyẹ̀wò kankan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ibi iṣẹ́ tún bá a ra oògùn kan tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, nítorí pé ó ti ń rù. Ó rí bí ẹni pé ara ń yá. Kókó náà tilẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lóru tó bẹ́ẹ̀ tí ẹní rẹ̀ ń rin gbingbin. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo sálámà tán, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tí àwọn méjì ń gbé e dìde láti orí ìforíkanlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Ilé ìwòsàn ńlá ni a gbé e lọ. Wọ́n ní kí a fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ta ọ̀kadà rẹ̀, jámáà dá owó sí i. Àwòrán jáde: nǹkan kan ti hù sí ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀yìn, ó sì ń tẹ okùn tí ó gbé agbára ẹsẹ̀ wá láti ọpọlọ mọ́lẹ̀. Gbogbo ilé dúpẹ́ pé ẹ̀rọ ti rí àrùn náà. Ṣùgbọ́n dókítà ní òun yóò ṣì gé kókó ọrùn jáde fún àyẹ̀wò. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà bá fi ìbínú sọ̀rọ̀: "A ti san gbogbo owó yìí fún àwòrán, ẹ sì ti rí i. Kí ni ẹ tún fẹ́ fi ọ̀bẹ wá nínú ara ọmọ wa?" Ó yíjú sí mi pé kí n bá òun dá dókítà lẹ́kun. Ìbéèrè rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí pé ní ọjọ́ náà n kò ní èsì.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ara kókó náà fúnra rẹ̀. Ọlọ́hun fi àwọn kókó kéékèèké sí ara wa, ní ọrùn, ní abẹ́ abíyá, ní ibi tí itan ti pàdé ikùn, àti nínú àyà àti ikùn níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Ilé ìṣọ́ ni wọ́n. Omi ara kan tí kò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ a máa gba inú wọn kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ara a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn wá, tàbí tí egbò wà ní ẹsẹ̀, kókó a wú, a dunni, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta a sì lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìí fúnra wọn bá ya ọlọ̀tẹ̀, tí wọ́n ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró, ìyẹn ni àwọn dókítà ń pè ní lymphoma. Jẹjẹrẹ ni, oríṣi rẹ̀ sì ju ọgọ́ta lọ.

Thomas Hodgkin, dókítà kan ní Ìlú Ọba, ṣe àpèjúwe ọ̀kan nínú wọn ní 1832, orúkọ rẹ̀ ni oríṣi náà sì ń jẹ́ títí di òní. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa: àwọn tí wọ́n wà láàrin nǹkan bí ọdún 15 sí 35 ni oríṣi yìí máa ń mú jù, kí ó tó tún padà wá bá àwọn àgbà. Òmíràn wà tí ilẹ̀ Áfíríkà mọ̀ ju ibikíbi lọ. Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Uganda, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958, nípa àwọn ọmọdé tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń wú. Ní 1961 ó wa ọkọ̀ káàkiri Áfíríkà fún nǹkan bí máìlì 10,000 láti mọ ibi tí àrùn náà pin sí, ó sì hàn pé ilẹ̀ tí ó móoru tí òjò sì ń rọ̀ ni, ibi tí ibà ẹ̀fọn ti gbilẹ̀. Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn láti Uganda. Kì í ṣe àrùn ilẹ̀ òkèèrè sí wa o. Àwọn dókítà Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ní 1960, ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ní i. Sẹ́ẹ̀lì oríṣi ti Burkitt yìí lè di ìlọ́po méjì láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Nítorí náà, bí ìyá bá ní kí a máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ títí di ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀, ohun tí yóò bá nígbà náà kì í ṣe ohun tí ó fi sílẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí ó mú ènìyàn dìde? Kókó tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, pàápàá èyí tí kò dunni tí ó sì ń tóbi. Ibà tí kò ní ìdí. Òógùn òru tí ń mú ènìyàn pààrọ̀ aṣọ. Rírù tí ó bu ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara kúrò láàrin oṣù mẹ́fà. Wọn kì í ṣe ẹ̀rí pé lymphoma ni; ikọ́ ife àti kòkòrò HIV náà lè mú irú wọn wá. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí á lọ sí ibi tí àyẹ̀wò wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á wọ inú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ X-ray àti ẹ̀rọ CT a máa lo ìtànṣán tí ń la ara kọjá. MRI kò lo irú rẹ̀. Òòfà ni, èyí tí ń fa irin. Òòfà inú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá ní agbára 1.5 tesla, ìyẹn sì tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 agbára òòfà ilẹ̀ ayé, èyí tí ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tí a fi ń mọ Kíbílà. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ara wa, háídrójìn sì wà nínú gbogbo ẹyọ omi. Háídrójìn wọ̀nyí ń ṣe bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tín-tìn-tín. Nígbà tí a bá tẹ́ ènìyàn sínú òòfà náà, díẹ̀ nínú wọn a tò bí sáfù tí ó kọjú sí ibì kan. Ẹ̀rọ a wá rán ìgbì rédíò sí wọn, wọn a yẹ̀ kúrò lórí ìlà. Bí ìgbì náà bá dákẹ́, wọn a padà sí àyè wọn, wọn a sì fi ìró tí ẹ̀rọ lè gbà ránṣẹ́. Háídrójìn inú ọ̀rá, omi inú iṣan, àti omi inú kókó tí ń ṣàìsàn kì í padà ní ìyára kan náà. Nínú ìyàtọ̀ yẹn ni àwòrán ti ń jáde.

Raymond Damadian ní Amẹ́ríkà ni ó kọ̀wé ní 1971 pé ìró tí ó ń ti inú jẹjẹrẹ jáde yàtọ̀ sí ti ara tí ó le. Paul Lauterbur fi ọ̀nà tí a fi lè sọ ọ́ di àwòrán hàn ní 1973, Peter Mansfield sì mú un yára. Àwọn méjèèjì yìí gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Wọn kò fi Damadian kún un, ó sì fi ìbínú rẹ̀ sí odindi ojú ewé ìwé ìròyìn. (Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń jà sí ipò, ẹ má rò pé àwa lẹ́mọ́mù nìkan ni.) Nígbà tí Damadian àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ya àyà ènìyàn àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù keje 1977, ó gbà wọ́n ní nǹkan bí wákàtí márùn-ún. Lónìí, a lè ya gbogbo ara láàrin nǹkan bí wákàtí kan.

Ohun tí ó mú MRI wúlò púpọ̀ fún lymphoma ni ọgbọ́n kan tí ń wo bí omi ṣe ń rìn láàrin àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ó bá ti wọ ọjà àgbò ní ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la mọ̀ pé kò sí ibi tí ènìyàn lè yí sí. Ìgbésẹ̀ kan, èjìká ẹlòmíràn dí i. Ìgbésẹ̀ kejì, ìwo àgbò gún un. Ṣùgbọ́n kí ó padà lọ sí ọjà kan náà ní ọjọ́ kẹta ọdún, yóò sáré já a láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi inú ara. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì lymphoma bá ti há mọ́ra wọn, omi kò rí ọ̀nà lọ, ẹ̀rọ a sì mú kí ibẹ̀ tàn kedere nínú àwòrán. Ní 2004, Takahara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánù ṣe àlàyé ọ̀nà tí a fi lè ya irú àwòrán yìí fún gbogbo ara nígbà tí aláìsàn ń mí bí ó ti ń mí. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti lè wá ọ̀tẹ̀ yìí láti ọrùn dé itan ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí á má ṣe àbùmọ́. Nínú àdéhùn tí àwọn onímọ̀ lymphoma tẹ̀ jáde ní 2014, èyí tí a ń fi orúkọ ìlú Lugano ní Switzerland pè, ẹ̀rọ PET tí a so mọ́ CT ni wọ́n fi ṣe aṣáájú fún ọ̀pọ̀ jùlọ oríṣi lymphoma. Ṣúgà tí ó ní ìtànṣán nínú ni wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, jẹjẹrẹ náà a sì máa fi ìwọra jẹ ẹ́. Àmọ́ ibi kan wà tí MRI ti jẹ́ ọ̀gá: nínú ọpọlọ àti nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ibi tí ọmọ wa ti ní tirẹ̀. Ó sì dára fún ọmọdé tí a óò máa ya àwòrán rẹ̀ léraléra, kí ìtànṣán má baà pọ̀ jù lára rẹ̀. Ó dára fún aláboyún pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń yẹra fún oògùn gadolinium tí a ń fà sára láti mú àwòrán mọ́ sí i, nítorí ó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó fa oògùn yìí fún òun náà.

Wàyí o, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n bàbá. Bí ẹ̀rọ bá ti rí i, kí ni ọ̀bẹ ń wá? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ rí èrò nínú ọjà. Kò mọ̀ bóyá àgbò ni wọ́n wá rà tàbí ìjà ni wọ́n wá jà. Kókó tí ikọ́ ife wà nínú rẹ̀ lè tàn. Jẹjẹrẹ tí ó ti ọmú tàbí ọ̀fun wá lè tàn. Kókó tí kò ní àrùn kankan, àti ọlọ inú tí ó wà ní àlàáfíà, àwọn náà a máa tàn nínú irú àwòrán yìí. MRI lè sọ ibi tí nǹkan wà, bí ó ti tóbi tó, iye ibi tí ó dé, àti kókó tí ó rọrùn jù láti gé. Kò lè sọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn ni a sì fi ń yan oògùn, nítorí pé oògùn tí ń wo oríṣi kan lè má kan òmíràn.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gé kókó, odindi kókó bí ó bá ṣeé ṣe. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín máa ń fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kì í fi bí wọ́n ṣe tò hàn, bí ìgbà tí a kó bíríkì mẹ́rin wá tí a ní kí ẹnìkan sọ irú ilé tí wọ́n ti yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó gbilẹ̀ láàrin wa pé jẹjẹrẹ kì í fẹ́ kí ọ̀bẹ kan òun, pé bí wọ́n bá gé e yóò tàn ká, ti pa ènìyàn jù bí ọ̀bẹ ti ṣe lọ. Gígé kókó ọrùn fún àyẹ̀wò kì í mú lymphoma tàn. Àrùn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni ó ń ráyè tàn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ní àgbọ́yé. Oògùn tí ọ̀rẹ́ ọmọ yìí rà fún un, prednisolone ni. Èyí àti dexamethasone ni àwọn ènìyàn ń rà láìsí ìwé dókítà láti fi sanra, àwọn kan a sì máa lọ̀ ọ́ mọ́ àgbo. Irú oògùn yìí ń pa sẹ́ẹ̀lì lymphoma díẹ̀, kì í pa á tán. Kókó a fà sẹ́yìn, èyí tí ó wà nínú ọpọlọ tilẹ̀ lè pòórá nínú àwòrán MRI fún ìgbà díẹ̀; nígbà tí wọ́n bá gé e, awò-sẹ́ẹ̀lì lè má rí nǹkan kan tí ó ní orúkọ. Dókítà lè lò ó ní àkókò tirẹ̀. Kí ẹni tí ó ní kókó má ṣe fúnra rẹ̀ gbé e mì.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá lẹ́yìn tí dókítà ti fi sùúrù ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mo rán an létí pé nígbà tí àwọn ará oko bi Ànọ́bì bóyá kí àwọn máa tọ́jú ara àwọn, ó ní kí wọ́n máa ṣe é, gẹ́gẹ́ bí Abu Dawud àti Tirmidhi ti gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Usamah ọmọ Sharik. Àwọn àgbà wa náà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ó gbà. Wọ́n gé kókó náà; lymphoma Hodgkin ni.

Oògùn bẹ̀rẹ̀. Láàrin oṣù méjì ọrùn rẹ̀ mọ́ roro, ó sì ń fi ọ̀pá rìn. Ìjà kejì dé: ilé ní kí wọ́n dáwọ́ oògùn dúró, owó ti tán, kókó sì ti lọ. Wọ́n tún ya MRI. Nǹkan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn rẹ̀, ó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n ilé tí ó bá wó, àlàpà rẹ̀ ṣì máa ń wà nílẹ̀. Ìwọ̀n nìkan kò tó láti fi mọ̀ bóyá àwọn ará ibẹ̀ ṣì wà láàyè. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ọjà àgbò tún ti wúlò. Bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì a kú, àyè a ṣí sílẹ̀, omi a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń wọn ìrìn omi náà a sì gòkè. Ti ọmọ wa gòkè. Oògùn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Jámáà tún dá owó.

Láti fi àwòrán kejì wé àkọ́kọ́, àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà. Mo ti rí ilé tí wọ́n fi fíìmù àwòrán dí ojú fèrèsé. Ẹ tọ́jú fíìmù àti sídì yín, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì padà sí ibi ẹ̀rọ kan náà bí ó bá ṣeé ṣe. Dókítà náà kì í gbé gbogbo ọkàn lé nọ́ńbà kan. Kòkòrò àrùn tí ó bá wọlé láàrin ìtọ́jú lè yí àwòrán padà, nítorí náà ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ dókítà àti ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn wà nínú ìdájọ́ náà.

Fún ẹni tí yóò wọ inú ẹ̀rọ: irin kankan kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Aago, káàdì báńkì, fóònù, abẹ́rẹ́ híjáàbù, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, tírà tí a fi irin sí, gbogbo rẹ̀ ni kí ó kù síta, kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ nínú àyà sì sọ̀rọ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ nu tìróò kúrò lójú, nítorí èròjà irin lè wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wọ aṣọ tí kò ní ìkọ́ tàbí síìpù, ẹ sì lè béèrè kí obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín. Ẹ̀rọ náà ń pariwo bí ẹni ń lu páànù, inú rẹ̀ sì há. Ṣíṣe síkìrì nínú ọkàn dára, ṣùgbọ́n tẹ̀súbáà kò wọlé, a kì í sì mi orí.

Ní ọjọ́ tí a gbé ọmọ yìí lọ, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ó ní wẹ́dà. Wọ́n dá a dúró, wọ́n kọ́kọ́ fi X-ray ya ojú rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé èérún irin lè ti wọ ẹyinjú wẹ́dà láìmọ̀, òòfà náà sì lè fà á kí ó ba ojú jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá bínú sí ìyẹn náà. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin tí ń lọ irin, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi yín. Ẹ sọ ọ́.

Ó parí oògùn rẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣì wúwo díẹ̀ bí ó bá rìn jìnnà. Ní Jímọ̀ tí ó kọjá ó wà ní sáfù kejì, ó dá dìde láti ìforíkanlẹ̀, lẹ́yìn ìrun ó sì mú àpòòwé kan wá fi hàn mí, ó ti kọ ọjọ́ sí ara gbogbo àwòrán inú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí dókítà ní kí ó tún padà wá.